Ìrìn-àjò Èmi àti Àǹtí Mi sí Leadville, Ìlú tí Wọ́n ti ń Rán Melly

Ọjọ́bọ̀, 26 oṣù Kẹsàn-án

A ò tètè kúrò nílé. Ẹni tó bá ti bá Àǹtí mi rìnrìn-àjò rí mọ̀ pé bó bá ní aago mẹ́jọ, aago mẹ́wàá ló ń sọ. Ó fẹ́ ká gbé ìrẹsì, ó fẹ́ ká gbé gaàrí, ó fẹ́ ká gbé ẹ̀wà olóyin àti ata lílọ̀ sínú kúlà, torí pé òun ò mọ ohun tí àwọn òyìnbó orí òkè ń jẹ. Mo ṣàlàyé pé ilé oúnjẹ wà níbẹ̀. Ó ní kí n gbé ìkòkò.

Télọ̀ ni àwa méjèèjì. Èmi ń rán ìró àti bùbá fún àwọn ará wa ní Aurora níbí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Denver, ní ìpínlẹ̀ Colorado. Òun ní ṣọ́ọ̀bù ní Ìbàdàn, àwọn ọmọṣẹ́ rẹ̀ sì ju èyí tí ṣọ́ọ̀bù náà gbà lọ. Nígbà tó wá kí wa, mo rò pé yóò fẹ́ lọ wo àwọn ilé ìtajà ńláńlá. Rárá o. Aṣọ òtútù kan ló rí lára nọ́ọ̀sì tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ní kí ọmọbìnrin náà yí ẹ̀yìn, kó tún yí iwájú, ó wá bi í léèrè ta ló rán an. Ìyẹn ní Leadville ni, pé Melly ni àwọn ń pè é, pé èèyàn gbọ́dọ̀ gun òkè lọ bá wọn níbẹ̀ kó tó rí i rà. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀ ni Àǹtí kọjú sí mi: "Ìyá Ìbejì, nígbà wo la ń lọ?"

Melanzana ni orúkọ ilé iṣẹ́ náà gan-an. Fritz Howard ló dá a sílẹ̀ lọ́dún 1994. Leadville ni wọ́n ti ń gé aṣọ náà, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń rán an, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń tà á. Wọn kì í fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá fẹ́ yóò kọ́kọ́ gba àkókò lórí íntánẹ́ẹ̀tì, yóò sì fẹsẹ̀ ara rẹ̀ wá. Ẹyọ méjì péré ni wọ́n á tà fún un. Ẹ̀yin tó bá ń gbèrò àtilọ, ẹ gba àkókò yìí kẹ́ ẹ tó san owó ilé tẹ́ ẹ máa sùn sí, torí ó máa ń tán wàrà.

Ọ̀nà I-70 la gbà. Lẹ́yìn Denver ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, kò sì sinmi. Nítòsí Idaho Springs, ọ̀nà kan wà lápá òsì tí wọ́n ti ń gba owó. Ẹ wo iye tó wà lójú pátákó kẹ́ ẹ tó bọ́ sí i, torí pé bí ọkọ̀ bá ṣe ń pọ̀ ni owó náà ń lé sí i. Ní Georgetown, Àǹtí rí àwọn àgbò orí òkè tí wọ́n dúró sára àpáta gangan bí ẹni pé wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ọn. Ó ní kí n dúró. Mi ò lè dúró lójú títì yẹn.

Ihò Eisenhower la gbà kọjá sí òdìkejì òkè. Ó lé ní ẹsẹ̀ bàtà 11,000 sókè, bí máìlì kan àti ààbọ̀ ó lé sì ni gígùn rẹ̀. Etí wa dí, ó ṣí, ó tún dí. Ní Silverthorne ni mo ra gáàsì, ìyẹn epo ọkọ̀, ẹ̀yin náà ẹ rà á níbẹ̀. Láti Copper Mountain, a yà sí ọ̀nà 91, a sì gun Fremont Pass, ibi tí ọ̀nà ti gba orí òkè kọjá, ẹsẹ̀ bàtà 11,318. Lórí rẹ̀ gan-an ni ibi ìwakùsà Climax wà. Wọ́n ti wa òkè náà títí ìdajì rẹ̀ fi di kòtò. Molybdenum ni wọ́n ń wà níbẹ̀, ohun tí wọ́n ń pò mọ́ irin kó lè le dáadáa. Àǹtí wo òkè tí wọ́n ti jẹ láàbọ̀ yẹn títí tí a fi kọjá, kò sọ nǹkan kan.

A dé Leadville lẹ́yìn aago kan. Ẹsẹ̀ bàtà 10,152 ni ìlú náà fi ga ju òkun lọ. Mo gbé báàgì kan ṣoṣo gun àtẹ̀gùn mẹ́rin, mo sì ní láti dúró mí. Ilé kékeré tí a gbà jẹ́ dọ́là 140 lóru kan, ó mọ́, ó sì ní kíṣìnnì.

Ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ ẹ̀wà. Àǹtí gbé e kaná ní bí aago mẹ́ta. Aago márùn-ún, ó le. Aago mẹ́fà kọjá, ó ṣì le, omi ń hó bùlàbùlà. Ibi tó ga báyìí, omi máa ń hó ní nǹkan bí ìwọ̀n 90 ti Celsius, kò ní dé 100, kò sì sí bí iná ṣe lè pọ̀ tó tó máa mú un gbóná ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ̀wà lè wà lórí iná títí ilẹ̀ fi ṣú. Ibi gíga náà ti mú kí orí máa fọ́ mi nígbà yẹn, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lórí àga. Ìyá òyìnbó tó ń gbé nílé kejì ló wá béèrè bóyá a rí ibi tí wọ́n ń da ìdọ̀tí sí, ló bá rí ìkòkò, ló bá rẹ́rìn-ín. Ó lọ sílé, ó sì gbé préṣọ̀ pọ́ọ̀tù rẹ̀ wá. Ó ní kò sílé kan ní Leadville tí kò ní in. Ó tún fún mi ní omi tí wọ́n bu iyọ̀ díẹ̀ àti ṣúgà sí, ó ní kí n mu ún tán, kí n má sì gun òkè kankan lọ́la. Láàárín wákàtí kan, ẹ̀wà rọ̀. A bu àwo kan fún un. Ó jẹ ẹ́ lójú wa, ó sì béèrè ohun tó wà nínú ata.

Ọjọ́ Ẹtì, 27 oṣù Kẹsàn-án

Ìrì dídì bo gíláàsì ọkọ̀ nígbà tí a jí. Orí mi ti fúyẹ́. A fẹsẹ̀ rìn lọ sí Harrison Avenue, òpópónà àárín ìlú, tí àwọn ilé bíríkì ayé àtijọ́ tò sí ọ̀tún àti òsì. Níwájú, ní ìwọ̀-oòrùn, òkè Elbert àti òkè Massive dúró. Elbert lé ní ẹsẹ̀ bàtà 14,400, kò sí èyí tó ga jù ú lọ nínú gbogbo òkè Rocky. Ewé àwọn igi aspen ti pọ́n lẹ́sẹ̀ òkè.

Ohun tí Àǹtí ń wò kọ́ nìyẹn. Ó fọwọ́ gbá mi. Ọmọbìnrin tó ń ta kọfí wọ Melly. Ọkùnrin tó ń já igi ìdáná wọ Melly. Ìyá kan tó pọ́n ọmọ sáyà wọ Melly, ọmọ náà wọ kékeré tirẹ̀. Bàbá kan pẹ̀lú ajá rẹ̀, Melly, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ti ṣí pátápátá. Àwọ̀ wọn ò dọ́gba, àmọ́ ìgé kan náà ni: fìlà tó so mọ́ ọrùn, tó lè bo ojú dé imú, àti àpò kan níwájú ikùn tí ọwọ́ méjèèjì ń pàdé nínú rẹ̀. Afi bí ẹni pé gbogbo ìlú kó aṣọ ẹbí. Àǹtí ní, "Ta ló ń ṣe ìnáwó?"

Kọfí jẹ́ dọ́là mẹ́fà. Burrito aláta tútù, oúnjẹ tí wọ́n fi búrẹ́dì pẹlẹbẹ wé, jẹ́ mọ́kànlá, ó sì tó èèyàn méjì. Ata náà kò ta tó lójú Àǹtí.

Àkókò tiwa jẹ́ aago mọ́kànlá. Ṣọ́ọ̀bù náà kò tóbi. Aṣọ so kọ́ gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n, àwọ̀ tí wọ́n bá sì rí rán lọ́sẹ̀ yẹn ni àwọ̀ tó wà. Ìró ẹ̀rọ ìránṣọ ni mo kọ́kọ́ gbọ́. Ẹni tó ń tà àti àwọn tó ń rán, abẹ́ òrùlé kan náà ni wọ́n wà, èèyàn á máa wo aṣọ, á sì máa gbọ́ bí wọ́n ṣe ń rán òmíràn. Ó ti pẹ́ tí mo ti rí irú rẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Lọ́pọ̀ ibi, ẹni tó ń ta aṣọ fún ọ kò tíì fojú kan ẹni tó rán an rí, òkun ló wà láàárín wọn.

Àǹtí mú ọ̀kan, kò wo iwájú rẹ̀ rárá. Ó yí i síta kíá. Ó fi àtàǹpàkò méjèèjì mú ojú rírán abẹ́ apá, ó fà á síbìí, ó fà á sọ́hùn-ún, ó wò bóyá òwú náà yóò ṣí ẹnu. Kò ṣí. Ó wo ibi tí apá ti pàdé ẹ̀gbẹ́, ibi tí àwọn ọmọṣẹ́ máa ń yẹ̀ ẹ́ sí, ojú rírán méjèèjì pàdé ara wọn gẹ́lẹ́. Ó wo wífìn etí rẹ̀. Ó wá òwú tí wọ́n gbàgbé láti gé, ó rí ẹyọ kan ní ìdí àpò, inú rẹ̀ sì dùn débi tó fi fi hàn mí. Inú aṣọ náà ní onígun mẹ́rin kéékèèké tó yọ sókè, àlàfo tóóró wà láàárín wọn. Ooru ara ń dúró sínú àlàfo yẹn, òógùn sì ń rí ọ̀nà jáde. Fleece ni, kì í ṣe irun àgùntàn. Òwú tí wọ́n fi ike ṣe ni wọ́n fi hun ún, nítorí náà ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbé áyọ́ọ̀nù lé e.

Ilé iṣẹ́ Polartec ló ń hun fleece tí wọ́n fi ń rán aṣọ náà. Ẹni tó bá ń ṣòwò aṣọ nílẹ̀ Amẹ́ríkà á ti gbọ́ ìtàn Malden Mills, ilé iṣẹ́ ìhunṣọ tí Polartec ti jáde wá, ní ìlú Lawrence, Massachusetts. Iná jó o ní oṣù Kejìlá ọdún 1995. Aaron Feuerstein tó ni ín lè gba owó ìdójútòfò kó sì lọ jókòó sílé. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó ń san owó oṣù fún àwọn òṣìṣẹ́ tí kò níṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe, ó sì tún ilé iṣẹ́ náà kọ́. Nígbà tó di 2001, gbèsè ti wọ̀ wọ́n lọ́rùn, wọ́n wọ kóòtù ajẹgbèsè. Mo sọ ọ́ fún Àǹtí níbi tó ti ń fa aṣọ. Ó ní àwọn òṣìṣẹ́ yẹn kò ní gbàgbé rẹ̀. Ó tún ní àwọn tó yá a lówó náà kò ní gbàgbé.

Ìgbà tí a dé ọ̀dọ̀ ẹni tó ń gba owó ni ìjà bẹ̀rẹ̀. Àǹtí fẹ́ mẹ́fà. Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní méjì ni. Àǹtí ní owó wà lọ́wọ́ òun. Ọmọbìnrin náà ní òun gbà bẹ́ẹ̀, mà, ṣùgbọ́n méjì ni. Àwọn kan máa ń rà á kí wọ́n lọ tún un tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní iye tó fò sókè, ìdí nìyẹn. Ọ̀kan fún ara rẹ̀, ọ̀kan fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní Manchester, ni Àǹtí mú. Èmi mú méjì fún àwọn ìbejì mi.

Ó bá mi jà dé ìta. "Ta ló ń lé oníbàárà? Ẹni tó ní ọjà tí gbogbo ayé ń wá, tó ní òun ò ní fi ránṣẹ́! Tó bá jẹ́ èmi ni, màá ti gba ogójì ọmọṣẹ́ sí i, màá gbé e sórí Instagram, yóò ti dé Èkó." Mo bi í pé ibo ni ogójì ọmọṣẹ́ náà máa sùn ní ìlú tí ilé kò tó àwọn tó wà níbẹ̀. Ilé wọ́n ní Leadville, ó wọ́n kọjá ẹnu. Àwọn ọlọ́rọ̀ tó ń wá fi pákó abẹ́ ẹsẹ̀ yọ̀ tẹ̀rẹ́ lórí yìnyín ń ra èyí tó bá yọjú. Mo tún rán an létí oṣù Kejìlá tó kọjá, nígbà tí oníbàárà kan gbé léèsì wá bá mi lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, tó ní ọjọ́ Sátidé ni ìgbéyàwó, èèyàn mẹ́rìnlá, tó sì ń pè mí láago méjìlá òru láti béèrè ibi tí mo bá a dé. Mo rán an. Ọwọ́ mi wú. Èmi ò mọ̀ bóyá àwọn ará Leadville yìí gbọ́n jù wá lọ, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sẹ́ni tó ń pè wọ́n láago méjìlá òru. Àǹtí ní ìyẹn kì í ṣe ìdáhùn. Bóyá kì í ṣe ìdáhùn lóòótọ́.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí mo rí tí òun náà rí. Ká ní wọ́n ń fi aṣọ náà ránṣẹ́ ni, a ò bá tí lọ sí Leadville. A sùn síbẹ̀, a ra kọfí, a ra burrito, a ra gáàsì nígbà tó yá, ní tìtorí aṣọ mẹ́rin. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń fi ránṣẹ́ ni, ilé ìfìwéránṣẹ́ nìkan ni ì bá jèrè wa.

Níbi tí a ti ń jiyàn yìí, obìnrin kan jáde wá jókòó nínú oòrùn, oúnjẹ ọ̀sán lọ́wọ́ rẹ̀, òwú wínníwínní lẹ̀ mọ́ ṣòkòtò rẹ̀. Ara àwọn tó ń rán ni. Àǹtí lọ jókòó tì í láìbéèrè. Èdè Sípáníìṣì ni obìnrin náà ń sọ, Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò pọ̀. Àǹtí fi ìka hàn án: àpá tí abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ gún gba inú èékánná rẹ̀ kọjá nígbà tó ṣì ń kọ́ṣẹ́. Obìnrin náà pariwo, ó gbé ìka tirẹ̀ síta, ìka kan náà, ọwọ́ kan náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ obìnrin dé, ó ń túmọ̀. Ó ní ilé ìtura ní apá Vail ni ìyá òun ti ń nu yàrá tẹ́lẹ̀, pé aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n ti ń gbéra, gba Tennessee Pass kọjá nínú yìnyín, kí wọ́n tó padà lálẹ́. Ọ̀pọ̀ ará Leadville ló ń gba ọ̀nà yẹn lójoojúmọ́ títí dòní. Ní báyìí, ìyá rẹ̀ ń fẹsẹ̀ rìn lọ síbi iṣẹ́. Àǹtí ní kí ó bá òun béèrè bí wọ́n ṣe ń ṣe ọrùn fìlà yẹn tí kì í fi í ká. Obìnrin náà mú ọrùn tirẹ̀ gan-an, ó yí i síta, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, mo sì fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀.

Lọ́sàn-án, mo dá lọ wo ilé eré Tabor Opera House láti ìta. Ọdún 1879 ni wọ́n ṣí i. Horace Tabor ló kọ́ ọ, ẹni tí fàdákà Leadville sọ di olówó ńlá, tí iye fàdákà sì já lulẹ̀ ní 1893, tí gbogbo rẹ̀ lọ. Oscar Wilde, òǹkọ̀wé ọmọ Ireland, sọ̀rọ̀ níbẹ̀ lọ́dún 1882. Òjò bẹ̀rẹ̀, mo sá padà sílé.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù Kẹsàn-án

Ọ̀nà adágún Turquoise ni táyà wa ti bẹ́. Òkúta ẹlẹ́nu ṣóńṣó kan ya ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Fóònù ò gbé. Mo mú jáàkì jáde, mo mú sípánà jáde, nọ́ọ̀tì kan ò sì gbà láti tú. Mo gun sípánà náà, mo fò lé e lórí, kò mira. Àǹtí dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà nínú Melly rẹ̀ tuntun, ó ń na ọwọ́ sí ọkọ̀ bí ẹni ń dá mọ́tò dúró ní Sángo.

Ọkọ̀ kejì tó kọjá ló dúró. Bàbá arúgbó kan ni, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ kún fún igi ìdáná. Ó wọ Melly kan tí mi ò mọ àwọ̀ tó jẹ́ tẹ́lẹ̀, wọ́n ti lẹ ìgúnpá rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀ta-paná ti jó ihò wẹ́wẹ́ sí i láyà. Ó mú páìpù irin gígùn kan, ó fi bọ ọwọ́ sípánà, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, nọ́ọ̀tì gbà. Ó wo táyà sípíà, ó ní atẹ́gùn rẹ̀ kò tó, ó sì mú ẹ̀rọ jáde, ó fẹ́ ẹ fún wa. Mo nawọ́ owó sí i. Kò gbà. Àǹtí fún un ní ẹ̀wà nínú ike. Ìyẹn ló gbà.

Ó bá wa sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀, ó jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀. Climax ló ti ṣiṣẹ́ láti ìgbà tó ti jáde ilé ìwé. Nígbà tí iye molybdenum já ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, wọ́n dá ẹgbẹẹgbẹ̀rún òṣìṣẹ́ dúró. Ó ní lọ́dún yẹn, àwọn ará àdúgbò rẹ̀ kó ẹrù sínú ọkọ̀, wọ́n lọ, ilé ò rí olùrà. Ọkùnrin kan tí òun náà ń wakùsà, Ken Chlouber, wà lára àwọn tó dá eré ìje sílẹ̀ lọ́dún 1983: ọgọ́rùn-ún máìlì, nínú òkè, kí àwọn àlejò lè wá sùn sí ìlú, kí wọ́n sì náwó. Àwọn kan ní àwọn asáré náà á kú sójú ọ̀nà. Wọn ò kú. Títí dòní, lóṣù Kẹjọ ọdọọdún, aago mẹ́rin ìdájí ni wọ́n ń gbéra láti Harrison Avenue, wọ́n ń gun Hope Pass lálọ, wọ́n ń gùn ún lábọ̀. Ẹni tí kò bá padà láàárín wákàtí 30, orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Bàbá náà máa ń lọ bu ọbẹ̀ gbígbóná fún àwọn asáré ní Twin Lakes. Climax padà ṣí lọ́dún 2012, òun kò padà.

Mo bi í nípa aṣọ ara rẹ̀. Ó ní ìyàwó òun ló rà á, nígbà tí èèyàn lè wọlé ra iye tó bá wù ú. Ó ní ọ̀rọ̀ àkókò gbígbà yìí ń bí òun nínú díẹ̀, pé òun ń gbé ní ìlú, òun á tún máa tò pẹ̀lú àwọn ará Denver. Àǹtí wò mí. Mo díbọ́n pé mi ò rí i.

Ẹni tó ń ta táyà nílùú ní èyí tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ṣe é lẹ̀. A ra àlòkù, dọ́là 70, pẹ̀lú owó iṣẹ́. Ẹ yẹ sípíà yín wò kẹ́ ẹ tó kúrò nílé, kẹ́ ẹ sì gbé páìpù irin dání.

Ìrọ̀lẹ́, a rìn díẹ̀ lójú ọ̀nà Mineral Belt, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tí wọ́n tẹ́ yí ìlú ká, máìlì mọ́kànlá ó lé. Ó gba àárín àwọn ibi ìwakùsà àtijọ́ kọjá, ilé onípákó tó ti wó, òkìtì iyanrìn aláwọ̀ irin tó dípẹtà. Àǹtí dúró lẹ́yìn ìdajì máìlì. Obìnrin kan ń ta tamale látinú kúlà ní ibi ìgbọ́kọ̀sí, dọ́là 24 fún méjìlá: àgbàdo lílọ̀, ẹran ẹlẹ́dẹ̀ wà láàárín, wọ́n dì í sínú háríhá. Ìkan ń jẹ́ aláta pupa. Èyí ta. Àǹtí jẹ mẹ́rin.

Àìkú, 29 oṣù Kẹsàn-án

A yọjú sí ibi ìsìnkú Evergreen lówùúrọ̀, torí ìyá aládùúgbò wa tó ní préṣọ̀ pọ́ọ̀tù ló ní ká má lọ láìdé ibẹ̀. Lábẹ́ àwọn igi, ilẹ̀ kún fún ihò tó rì wọlẹ̀. Àwọn ará Ireland tó wá wa fàdákà ló pọ̀ jù níbẹ̀, ó ju ẹgbẹ̀rún lọ, òtòṣì, kò sí òkúta lórí ibojì wọn. Ọ̀pọ̀ jẹ́ ọmọdé. Wọ́n ti kọ orúkọ wọn sórí ìrántí kan níbẹ̀ báyìí. Àǹtí kà á díẹ̀díẹ̀, ó ń pe orúkọ kọ̀ọ̀kan bó ṣe mọ̀ ọ́n pè.

Kò sẹ́ni tó ń gba I-70 padà sí Denver lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú tó bá lè yẹra fún un. Gúúsù la kọrí sí, ọ̀nà 24 dé Buena Vista, a wá bọ́ sí 285 gba Fairplay. Ó gùn jù, ṣùgbọ́n ó tẹ́jú, ó sì dára títí a fi dé Kenosha Pass. Ibẹ̀ ni gbogbo Denver wà. Ọkọ̀ dúró ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà méjèèjì fún máìlì kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn èèyàn ń sá kọjá láàárín ọ̀nà láti lọ ya fọ́tò igi aspen, wọ́n gbé ọmọ, wọ́n fa ajá. Wákàtí kan kọjá, a ò tíì kúrò lójú kan. Bẹ́ ẹ bá fẹ́ gba ibẹ̀ nínú oṣù Kẹsàn-án, ẹ kọjá kó tó di aago mẹ́wàá àárọ̀, tàbí kẹ́ ẹ fara mọ́ I-70.

Nínú ìdúró yẹn, Àǹtí mú bébà jáde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ya ọrùn fìlà tí obìnrin yẹn fi hàn án. Ó ní òun á fi gé aṣọ òtútù fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó ń jí lọ sí ọgbà nígbà ọyẹ́, pé òun á rán ogún péré lọ́dún. Mo ní ogún? Ó ní ó dáa, ọgọ́ta.

A wọlé lẹ́yìn aago méje. Àwọn ìbejì ti wọ tiwọn kí n tó bọ́ bàtà, wọ́n ń jà lórí èyí tó jẹ́ búlúù. Bàbá wọn wo inú báàgì, ó gbé e dojú dé, ó gbọ̀n ọ́n. Mo ní méjì ni wọ́n ń tà féèyàn. Ó ní ṣé Àǹtí náà kò ra méjì ni? Àǹtí ti tì ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀. Ó ti ń wá àkókò fún oṣù Kọkànlá lórí fóònù rẹ̀ báyìí, kò tíì rí.